Òkè ń jó, ìsàlẹ̀ ń gbọ̀n: ohun tójú wa rí nílé wa ní Òṣogbo

Ilé alájà kan la kọ́, kò jìnnà sí Òkè-Fíà. AC hóòsì 1.5 wà ní pálọ̀ ìsàlẹ̀, irú rẹ̀ gan-an sì wà ní yàrá màmá mi lókè. Bó bá ti di oṣù kẹta, ẹni tó jókòó sí pálọ̀ á máa wá aṣọ ìbora, màmá á máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra lókè. Ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá wọn fínra. Lóru ọjọ́ kan ni mo bá wọn lórí ẹní nídìí àtẹ̀gùn nísàlẹ̀. Ó dùn mí dé egungun.

Onífíríìjì àkọ́kọ́ ní gáàsì ló tán. Ó rọ gáàsì, ó gbowó, ibi tó wà náà ló wà. Èkejì ní ká lọ ra hóòsì 2. Mo ti ń wá owó rẹ̀ kiri kí n tó gun àga lọ́jọ́ kan, ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, tí mo fọwọ́ kan sílíìnì. Ó gbóná bí ìdí áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, bẹ́ẹ̀ oòrùn ti wọ̀ láti bíi wákàtí méjì! Ara AC yá. Òrùlé ló ń da ooru lé wa lórí.

Káfíńtà kan tó mọṣẹ́ wọ inú àjà lọ. Kò pẹ́ rárá tó fi sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ rin gbindin bí ẹni tó bọ́ sódò Ọ̀ṣun. "Ẹ̀gbọ́n, afẹ́fẹ́ ò ríbi jáde níbẹ̀ yẹn o." Páànù ń gba oòrùn látàárọ̀, ooru há sáàárín òun àti sílíìnì, yàrá ló wá ń tú u sí lálẹ́.

A dá ihò sábẹ́ etí òrùlé níhà méjì tó kọjú síra, a fi nẹ́ẹ̀tì bò wọ́n nítorí àdán. A wá kan fóòmù tí wọ́n lẹ fọ́ìlì mọ́ sábẹ́ igi tó gbé páànù dúró, ojú tó ń dán kọ ìsàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lẹ ojú dídán yẹn mọ́ nǹkan kan, torí àlàfo gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Bó bá sì kọ òkè, eruku ọyẹ́ á bò ó.

Hóòsì 1.5 yẹn náà la ṣì ń lò. Màmá ń sùn lókè, wọ́n tiẹ̀ ń ní kí n dín in kù.

*

Èsì ẹnì kan tó ka ìtàn yìí: Ẹ kú ìtọ́jú màmá, ẹ̀gbọ́n. Àtẹ̀gùn ló da tiwa láàmú ní Alékúwodò. Mo dúró láìwọ bàtà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn lálẹ́ ọjọ́ kan, mo rí i pé òtútù ń ṣàn gba ẹsẹ̀ mi kọjá bí omi. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, gbogbo èyí tí AC òkè ń fẹ́ ló ń bọ̀ nísàlẹ̀! A ta kọ́tìnnì tó nípọn sórí àtẹ̀gùn, lóru ọjọ́ náà la rí ìyàtọ̀. A tún gbé táǹkì omi tó dí apá AC tó wà níta kúrò, kó lè ríbi mí sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé káfíńtà yín ṣì ń ṣiṣẹ́ nígboro? Sílíìnì tiwa náà kì í tutù títí di àárín òru.