“Agbàmọ̀ràn” kẹ̀? “Ni” méjì ti sọnù

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ti fẹ́ dákẹ́, ọkàn mi ni ò gbà. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní London kọ̀wé pé àwọn ti rí orúkọ fún àwọn kọ́ńpìnì tí ìjọba ń sanwó fún kí wọ́n wá bá a ṣàtúnṣe iṣẹ́ ọba: “iléeṣẹ́ agbàmọ̀ràn fún àtúntò iṣẹ́ ọba”. Èèyàn mẹ́fà ti kan sáárá sí i. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé “ni” dà.

Agbowó-òde, owó ló ń gbà. Agbẹ̀bí, ẹ̀bí ló ń gbà. Agbẹjọ́rò gba ẹjọ́, ó ń rò ó. Agbaṣẹ́ṣe gba iṣẹ́, ó ń ṣe é (ìgbà mìíràn). Ohun tó bá ti tẹ̀lé “gbà” nínú irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ọwọ́ onítọ̀hún ló ń bọ́ sí. Agbàmọ̀ràn ńkọ́? Ìmọ̀ràn ni yóò máa gbà nìyẹn! “Mo gbà á nímọ̀ràn”, èmi ni mo sọ̀rọ̀. “Mo gba ìmọ̀ràn rẹ̀”, òun ló sọ̀rọ̀, èmi ni mo fetí sílẹ̀. Tíṣà ni bàbá mi. Bí a bá da méjèèjì pọ̀ nínú àròkọ, wọn á fi ìdí ṣọ́ọ̀kì kan tábìlì: “Ta ló fún? Ta ló gbà?”

Agbaninímọ̀ràn ló yẹ kó jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní ó gùn jù. Ọmọ ọdún mẹ́ta ń pe Olúwafúnmiláyọ̀ láìmí, “agbaninímọ̀ràn” ló wá gùn lẹ́nu àgbàlagbà?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọdún 28 ni mo fi ṣiṣẹ́ ọba kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà kan, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta gbé láàpútọ́ọ̀pù dé ọ́fíìsì wa, wọ́n ní àwọn wá wo bí fáìlì ṣe ń rìn. Ọ̀gá ní kí wọ́n lọ bá Bàbá Fáìlì. Bàbá jókòó lórí àpótí, wọ́n kà á fún wọn: tábìlì mọ́kànlá ni ìwé ìfẹ̀yìntì kan ń gbà kọjá, mẹ́rin nínú wọn ò sì ṣe ju kí wọ́n buwọ́ lù ú lọ. Bàbá ní kí wọ́n yọ mẹ́rin yẹn dànù. Àwọn ọmọ náà ra móínmóín fún bàbá, wọ́n lọ. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ìwé aláwọ̀ búlúù kan dé, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán. Ojú ewé kẹtàlá: tábìlì mọ́kànlá, ẹ yọ mẹ́rin. Bàbá Fáìlì fi ìka tọ́ ọ, wọ́n ní, “Ọ̀rọ̀ mi rèé, wọ́n ti wọ kóòtù fún un.”

Bó bá jẹ́ irú wọn ni ẹ̀gbọ́n ní lọ́kàn, mo túúbá, agbàmọ̀ràn bá wọn mu. Ká kúkú fi “tà” kún un: agbàmọ̀ràntà. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Àgbà inú òwe yẹn kì í gbé bíìlì wá.

“Àtúntò” náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Lẹ́nu àwọn olóṣèlú wa, ó ti di ọ̀rọ̀ Nàìjíríà fúnra rẹ̀, ti ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ àti ta ni yóò máa pín owó. Ti iṣẹ́ ọba ńkọ́? Ìgbìmọ̀ Oronsaye tí Jonathan gbé kalẹ̀ ní 2011 ní kí wọ́n dín àjọ tí òfin ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ kù láti 263 sí 161. Àbọ̀ wọn jáde ní 2012, ó di 2024 kí Tinubu tó pàṣẹ pé kí wọ́n lò ó. Kí ni wọ́n tò níbẹ̀? Gígé ni, dídàpọ̀ ni. Àtúnṣe ni.

Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì ni àtúnṣe, ṣé ẹ ò gbọ́ oyè Atúnlùúṣe rí ni? Ọba wo ló ń fi mẹkáníìkì joyè? “Ó tún iṣẹ́ náà ṣe” àti “ó tún ṣe iṣẹ́ náà”, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn lè tún bà á jẹ́ sí i.

Àbúrò wa obìnrin tó ní ká kàn máa pe àwọn kọ́ńpìnì náà ní kọnsọ́tántì ò jẹ̀bi púpọ̀. Nígbà tí SERVICOM, àjọ tó ń rí sí i pé àwọn òṣìṣẹ́ ọba ń dá aráàlú lóhùn bó ṣe yẹ, dé ní 2004, lẹ́yìn tí ikọ̀ kan ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá yẹ iṣẹ́ ọba wò fún Ọbásanjọ́, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn sì mọ̀ ọ́n pè. Ṣùgbọ́n ní UCH Ìbàdàn, dókítà ńlá ni kọnsọ́tántì. Bí ẹ bá sọ fún ìyá mi pé kọnsọ́tántì wá sí ọ́fíìsì wa, wọn á bèèrè pé ta ni ara rẹ̀ ò yá.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí èmi ará Ìjẹ̀ṣà yéé kọ́ yín lóhùn ọ̀rọ̀, mo rí lẹ́tà yín o. Ẹ fi àmì sórí “ni” méjèèjì inú agbaninímọ̀ràn, kí ẹ fi ránṣẹ́ ná.