Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ilé àwọn tí ara wọn ń yá ní Asẹ́rò, Abẹ́òkúta: wọ́n ti kó wọlé

Ẹ ṣé, ẹ̀yin ará. Ẹ ó rántí pé mo béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ yín níbí nígbà tí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ò jẹ́ kí àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì gba ilé fún àwọn tí ara wọn ti ń yá lẹ́yìn àìsàn ọpọlọ. Ẹgbẹ́ náà ní: "Wèrè ni wọ́n fẹ́ kó bá àwọn ọmọ wa."

Ẹni tó ní ká fi òfin ìlera ọpọlọ tí Buhari buwọ́ lù lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 hàn wọ́n: ó ṣiṣẹ́ díẹ̀. Wọn ò sọ mọ́ pé àwọn máa ti géètì, ṣùgbọ́n ojú wọn tún le sí i.

Ọ̀rọ̀ Arò ló tú u. A sọ ní ìpàdé pé láti 1954 ni Lambo, dókítà ìlera ọpọlọ, ti ń fi àwọn aláìsàn sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn Arò ká, tí ẹbí wọn ń bá wọn gbé. Ìyá àgbà kan bá dìde: "Abúlé tiwa wà níbẹ̀. A jọ roko, a jọ jẹun. Ta ni wọ́n pa?" Kò sẹ́ni tó lè fèsì. Ohun tí wọ́n béèrè lẹ́yìn ìyẹn mọ́gbọ́n wá: ọdẹ alẹ́, àti nọ́ńbà nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́. A fún wọn.

Aládùúgbò kan ṣì gbé fẹ́ǹsì rẹ̀ ga sí i. Owó tirẹ̀ ni. Èyí tó kù ni lándílọ́ọ̀dù tó ń halẹ̀ àtifi kún owó ilé. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé fi kún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i.