Kéú tí kò ṣeé kà: ta ni wọ́n kọ ọ́ fún?

Alámì_Bẹẹrẹ:
Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ilé. Iṣẹ́ sáìnbọ́ọ̀dù ni mo ń ṣe ní Bẹẹrẹ. Mo kéú díẹ̀ kí bàbá mi tó ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ (wàláà mi ṣì wà lókè àjà, ikán ti jẹ etí rẹ̀). Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo rí iṣẹ́ Khaled Al-Saai, ọmọ Síríà, lórí fóònù. Lẹ́tà Lárúbáwá ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ wọ́n ń rọ́ lu ara wọn bí èrò ọjà tí iná sọ nínú rẹ̀. Mo wò ó títí, mi ò rí nǹkan kan kà. Mo fi han ààfáà àdúgbò wa, wọ́n ní àbùkù ni, pé lẹ́tà kì í ṣe ẹ̀wà tí à ń dà sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń bèèrè rèé: ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kó wálé láti Sudan nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 2023. Kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó kàn ní kí n kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sára ògiri yàrá òun, لاجئ, ogunléńdé, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ tó fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣé kí n kọ ọ́ kó ṣeé kà ni, àbí kí n tú u ká bíi ti ará Síríà yẹn?

Ìyá_Kéú_Òkè_Àrẹ:
Alámì, o ṣeun tó o bèèrè kó o tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi na ọmọ nítorí àlífù, nítorí náà ilé kéú ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Láámù àti àlífù dì mọ́ra wọn bí ìyá àti ọmọ. Àmọ́ àlífù kì í na ọwọ́ sí ẹni tó bá tẹ̀ lé e. Lẹ́tà mẹ́fà ló níwà bẹ́ẹ̀: àlífù, dáálì, záálì, ráà, záàyì, wáàwù. Nítorí náà àyè gbọ́dọ̀ ṣí níbẹ̀, o fẹ́, o kọ̀. Ẹ̀yìn àyè yẹn ni jíìmù wà, hamza, àmì kékeré yẹn, wá kángun. Hamza yìí, kò nílé! Lónìí a bá a lórí àlífù, lọ́la lórí wáàwù. Níhìn-ín, orí yáà tí wọ́n ti bọ́ tóótòòtó rẹ̀ méjèèjì kúrò nísàlẹ̀ ló jókòó sí. Ayálégbé ni àwọn ọmọ kéú mi ń pè é. Kí lo tún fẹ́ tú ká níbẹ̀?

Ní ti ààfáà yín, mi ò bá wọn jà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí a fi lẹ́tà yẹn kọ ni Kùránì. eL Seed, tí wọ́n bí sí Paris, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Tunisia, kọ ọ̀rọ̀ sára ilé bí àádọ́ta ní Manshiyat Naser ní Cairo ní 2016. Àwọn Kristẹni tó ń kó pàǹtí ìlú ló pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ bíṣọ́ọ̀bù àtijọ́ kan ló sì kọ: ẹni tó bá fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ oòrùn kedere, kó kọ́kọ́ nu ojú rẹ̀. Ẹni tó bá dúró nílẹ̀ kò lè rí i tán, àfi kó gun òkè Mokattam.

Ti Hassan Massoudy ni mo fẹ́ràn jù. Ó kúrò ní Iraq lọ sí Paris ní 1969. Á gbé lẹ́tà ràgàjì kan dúró láàárín, á wá kọ gbólóhùn tó ṣeé kà sísàlẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹni tó kéú àti ẹni tí kò kéú, kò sí èyí tó máa pàdánù.

Ọmọ_Adámásìngbà:
Ìyá ti sọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a kì í dárúkọ Ibrahim El-Salahi? Ọmọ Omdurman ní Sudan ni, ìlà kéú ló fi ń ya àwòrán, ó sì pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Mbari, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán àti òǹkọ̀wé, nílùú Ìbàdàn yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ní 1975 wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Khartoum láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ara ègé pépà ló ń yàwòrán sí níbẹ̀, á sì rì wọ́n mọ́ iyanrìn. Ó fìlú sílẹ̀ lẹ́yìn náà, England ló wá fi ṣe ilé. Àti pé ẹ má jẹ́ ká ṣe bíi pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Jagunjagun àti ogunléńdé ló dó sí Ìbàdàn yìí.

Bísí_Ọlọ́dà:
Ògiri yẹn ń kọ́? Bó bá ń mumi, ẹ há a kẹ́ ẹ tó kùn ún o. Kò ní pẹ́ ṣí, kéú ni, ABD ni.

Alámì_Bẹẹrẹ:
Ẹ ṣé o, Ìyá. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì fa á lánàá. Mo jẹ́ kí àyè ẹ̀yìn àlífù fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà. Ọmọ náà wò ó, kò sọ nǹkan kan, ó gbé àga rẹ̀ sí àyè yẹn. Àwọ̀ aró ni mo fẹ́ fi kọ ìyókù, hamza nìkan ló ń dà mí láàmú. Ṣé kí n fi àwọ̀ kan náà kọ ọ́?

Ìyá_Kéú_Òkè_Àrẹ:
Èyí tó bá ṣẹ́ kù sí ìdí agolo ni kó o fi kọ ọ́.