Ìdáhùn: "Egbògi atúnyèṣe": iyè ni àbí ìyè?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Àbúrò wa kan kọ̀wé lánàá pé "egbògi atúnyèṣe" ni ká máa pe gbogbo ewé àti egbò tí àwọn olùwádìí ń yẹ̀ wò fún àìsàn ọpọlọ. Ó tú u palẹ̀ fún wa: a-tún-ìyè-ṣe. Ìyè kẹ̀? Ẹni tí kò tíì kú ló ní ìyè. Ẹni tó ń rántí nǹkan ló ní iyè. Bí iyè èèyàn bá ra, ṣé ẹ̀mí rẹ̀ ló ra? Ẹlẹ́dàá ló ń tún ìyè ṣe. Ohun tó bo àṣìṣe yìí mọ́lẹ̀ ni pé a ti pa fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà jẹ nínú "túnyè", kò sì fi ohùn kankan sílẹ̀, bí "rí ìran" ṣe di "ríran".

Ká tiẹ̀ ní iyè ló kọ. Ìsọ̀yè tí a jogún ńkọ́? Bàbá tó bí bàbá mi ṣe ìṣègùn ní Ìlódè, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ọmọ iléèwé tí kì í rántí nǹkan ló ń ṣe ìsọ̀yè fún. Bí wọ́n bá fi okùn di asínwín wá, egbò asofẹ́yẹjẹ ló ń wá lọ, kí onítọ̀hún lè rí oorun sùn. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà méjì ni? Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1960 pé àwọn oníṣègùn wa ń fi igi yìí tọ́jú wèrè. Èròjà kan tó ń jẹ́ reserpine wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ yọ ní 1952 lára ìbátan rẹ̀ tó ń hù ní Íńdíà. Reserpine kì í ta iyè ẹnikẹ́ni jí. Ńṣe ló ń mú ara balẹ̀, ó tún ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ọdẹ orí wá ńkọ́, tí nǹkan ń rìn lórí èèyàn bí èèrà? Ṣé iyè náà ni?

Egbògi pàápàá, ṣebí egbò igi ni? Ewé igi kan tó ń jẹ́ ginkgo sì ni wọ́n ń lò fún iyè ní Jámánì. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ọ̀rọ̀ náà ti gbòòrò. Ó dáa, mo gbà.

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Iléṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kan sáárá sí i. Ó yà mí lẹ́nu.

* * *

Àbúrò,

Èmi tí ò ń bá wí rèé. Kí n tó fẹ̀yìn tì, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ọ̀yàn ní gírámà, nítorí náà rọra. Bàbá àgbà rẹ, mo mọyì wọn. Ṣùgbọ́n ibo ni ohùn ìsàlẹ̀ orí "sọ̀" nínú ìsọ̀yè rẹ ti wá? Bó bá jẹ́ sọ ti sọjí ni, ohùn àárín ló yẹ kó ní. Bó bá jẹ́ sọ̀ ti sọ̀kalẹ̀ ni, ó yẹ kó di àárín níwájú àbọ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ orúkọ tó tẹ̀ lé e. Àbí o ti gbàgbé bí "kọ ìwé" ṣe di "kọ̀wé"? Ìyè olóhùn ìsàlẹ̀ tí ò ń bú yẹn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òun ló fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Bó ò bá gbà, dá mi lóhùn. Mo ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, ó di alẹ́.