Koríko ọba nínú ìkòkò ní Leeds, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: òórùn rẹ̀ kò mú, ìdí rẹ̀ ń jẹrà

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o. Ewé koríko ọba (ewé tíì) inú ìkòkò gùn dáadáa, ṣùgbọ́n òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ̀ kò mú. Tí òtútù bá dé, ìdí rẹ̀ á jẹrà. Kí ni ṣíṣe?

Ìdáhùn: Oòrùn ló kéré. Citral, èròjà kan nínú epo ewé náà, ló ń mú un ta sánsán, inú oòrùn àti ooru ló sì ti ń pọ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó kọjú sí gúúsù, níbi tí oòrùn ti ń ràn tó wákàtí 6 lójúmọ́. Ìkòkò sẹ̀ǹtímítà 30 tó níhò nídìí ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ po kọ́ńpóòsì (iyẹ̀pẹ̀ ìgbìn) ìwọ̀n mẹ́ta mọ́ perlite (òkúta funfun fífúyẹ́ tó ń jẹ́ kí omi ráyè ṣàn) ìwọ̀n kan. Ẹ má gbé e síta kó tó di ìparí Oṣù Karùn-ún, yìnyín òru á pa á.

Ìdáhùn: Ti jíjẹrà yẹn, omi ni. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá tutù, gbòǹgbò kì í fa omi dáadáa mọ́, omi á wá dúró sí i nídìí. Bí òru bá ti ń sún mọ́ 10°C, ẹ gbé e wọlé, ẹ gé ewé rẹ̀ ku sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ gbé e sójú fèrèsé. Ẹ má bomi rin ín àfi tí iyẹ̀pẹ̀ bá gbẹ.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ńkọ́, ṣé ó lè hù?

Ìdáhùn: Ó lè hù, bí wọn ò bá tíì gé ìdí rẹ̀ kúrò. Ẹ ti ìdí rẹ̀ bọ inú omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 3, ẹ máa pààrọ̀ omi náà lọ́jọ́ méjì-méjì. Gbòǹgbò á yọ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3.