Ẹ̀ka ìmọ̀ wo ni ìwádìí nípa ọkàn yóò yí padà?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, bí a bá lóye ohun tí ọkàn ń ṣe láìjẹ́ pé a fura, ẹ̀ka ìmọ̀ wo ni ẹ rò pé yóò yí padà jù?

Èsì 1: Ẹ̀kọ́ ni. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọpọlọ tí wọ́n ṣe fún Henry Molaison ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1953, kò lè rántí ohun tuntun mọ́. Síbẹ̀, nígbà tí Brenda Milner, onímọ̀ nípa ọpọlọ, ní kó máa fi pẹ́ńsù tọ ìlà àwòrán ìràwọ̀, kó sì máa wo ọwọ́ rẹ̀ nínú dígí nìkan, ọwọ́ rẹ̀ ń já gaara sí i lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò rántí pé òun ti ṣe é rí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í kúrò lọ́kàn mi: ọwọ́ mọ ohun tí ẹni tó ni ín kò mọ̀.

Èsì 2: Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ òfin ló ká mi lára jù. Bí ẹlẹ́rìí bá ń wo fọ́tò láti tọ́ka sí ọ̀daràn, ọlọ́pàá tó mọ èyí tó jẹ́ afurasí nínú wọn lè fi ojú tàbí ohùn darí rẹ̀ láìmọ̀, nítorí náà ọlọ́pàá tí kò mọ afurasí ló yẹ kó máa fi fọ́tò náà han ẹlẹ́rìí. Àwọn oníṣègùn ti ń ṣe irú rẹ̀ tipẹ́ nínú ìdánwò oògùn, níbi tí ẹni tó ń fún aláìsàn ní oògùn kì í ti í mọ èyí tó jẹ́ oògùn gidi.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé a wá lè dá ọlọ́pàá tó darí ẹlẹ́rìí láìmọ̀ lẹ́bi?