Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì: kí la máa ṣe tí kò fi ní parí sórí báàgì àti jọ́tà?

Alákòóso Ètò
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni tiwa. Olùkọ́ 32 la fẹ́ dá lẹ́kọ̀ọ́: físíìsì, kẹ́mísírì, báyọ́lọ́jì àti ìṣirò. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fọwọ́ sí. A fẹ́ kí wọ́n dín pípe nóòtì fún akẹ́kọ̀ọ́ kù, kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn máa ronú nínú kíláàsì. Iná kì í dúró, íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe ségesège, kíláàsì míì sì ní akẹ́kọ̀ọ́ 200. Báwo ni kí á ṣe tò ó?

Tíṣà Físíìsì
Ẹ kú ìmúra. Ẹ má ṣe lo ọjọ́ méjèèjì pọ̀. Ẹ lo ọ̀kan kí sẹ̀mẹ́sítà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gé èkejì sí ìpàdé mẹ́rin, wákàtí kan àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan, láàárín sẹ̀mẹ́sítà. Ọ̀nà ìkọ́ni tuntun kì í dẹnu kọlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Inú kíláàsì ló ti ń ṣẹlẹ̀, ní bí ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, nígbà tí olùkọ́ kò rí ẹni bi léèrè.

Kí ìṣíde má kọjá ìṣẹ́jú 15. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àlejò pàtàkì àti fọ́tò sí ìparí, torí bí àlejò bá pẹ́ dé, òwúrọ̀ yín ti lọ nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́ wọn dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èyí tí Eric Mazur, olùkọ́ físíìsì, gbé kalẹ̀ ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ni mo fọwọ́ sí jù. Olùkọ́ á bi ìbéèrè kan tó ní ìdáhùn A sí D. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan á ronú fún ìṣẹ́jú kan, wọn á sì gbé ọ̀kan sókè nínú páálí aláwọ̀ mẹ́rin, àwọ̀ kan fún ìdáhùn kan. Bí àwọn tó mú ìdáhùn tó tọ̀nà bá wà láàárín 30 sí 70 nínú 100, kí wọ́n bá aládùúgbò wọn jiyàn fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kí wọ́n tún dìbò. Bí kò bá tó 30, ẹ tún un kọ́. Bó bá ju 70 lọ, ẹ ṣàlàyé ráńpẹ́, kí ẹ tẹ̀ síwájú.

Àpẹẹrẹ: a ju òkúta sókè, nígbà tó dé òkè pátápátá, mélòó ni acceleration rẹ̀ (bí eré rẹ̀ ṣe ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan)? Ọ̀pọ̀ á ní òdo, torí pé òkúta dúró díẹ̀ níbẹ̀. 9.8 m/s² ni, ó sì ń fà á wálẹ̀. Inú ìwé ìdánwò tí akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ ni kí ẹ ti ṣa àwọn ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Èyí tí olùkọ́ bá fi orí ara rẹ̀ ro kì í tan ẹnikẹ́ni, iyàn kò sì ní sí.

Ìyá Láàbù
Ọ̀gá Físíìsì ti sọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè. Ẹ má gbàgbé ọwọ́. Tábìlì mẹ́jọ, èèyàn mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ ti gba GeoGebra (ètò kọ̀ǹpútà fún yíya àwòrán ìṣirò) àti àwọn eré PhET (àfarawé ìdánwò sáyẹ́ǹsì lórí kọ̀ǹpútà) sórí fláàṣì sílẹ̀, torí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Fún kẹ́mísírì, ẹ se ìkúnwọ́ ìṣápá pupa kan nínú ìdajì lítà omi, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ó ń pọ́n nínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ (ásíìdì), ó ń di àwọ̀ ewé nínú omi eérú (álíkálì). Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ sè é, torí àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣá bó bá pẹ́ nílẹ̀.

Fún físíìsì, ẹ so nọ́ọ̀tì irin mọ́ okùn kí ó máa fì, kí wọ́n fi ṣírò g, ìyẹn 9.8 m/s² tí Ọ̀gá Físíìsì mẹ́nu bà. Bí okùn bá gùn ní mítà kan, fífì 20 máa ń gba bí ìṣẹ́jú àáyá 40. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn ka "ení" nígbà tó jù ú sílẹ̀, dípò òdo. Fífì 19 ló kà yẹn, g á sì di bí 10.9. Ẹ má sọ fún wọn. Ẹ kọ g tí tábìlì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ rí sójú pátákó, kí wọ́n fúnra wọn wá ìdí tí tábìlì kan fi yàtọ̀. Àṣìṣe kejì ni wíwọn okùn dé ibi kókó dípò àárín nọ́ọ̀tì.

Oníṣirò
Ohun tí ẹ̀yin méjèèjì kò mẹ́nu bà ni ipò. Ẹ má fi olórí ẹ̀ka àti ọmọ abẹ́ rẹ̀ sí tábìlì kan náà. Ọmọ abẹ́ kò ní jiyàn. Kí olúkúlùkù gbé páálí sí àyà, kí ẹni tó ń darí nìkan rí i, torí kò sí àgbà tó fẹ́ kí gbogbo ilé rí òun níbi tó ti ṣì í.

Ẹ ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ fún àwọn oníṣirò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á dìde lọ lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ bi wọ́n: bí f′(a), ìyẹn bí ìlà f ṣe dagun tó ní a, bá jẹ́ òdo, ṣé dandan ni kí f ga jù tàbí kó kéré jù níbẹ̀? Kí wọ́n ya x³, kí wọ́n wo ibi tí x ti jẹ́ òdo, wọ́n á rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Fún àwọn tó bá sọ pé àṣà ilẹ̀ òkèèrè lásán ni, tí kò wúlò, àkójọ ìwádìí 225 tó jáde ní 2014 lábẹ́ Scott Freeman rí i pé bí ìdá 34 nínú 100 ló ń kùnà lábẹ́ olùkọ́ tó kàn ń sọ̀rọ̀, bí 22 sì ni níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kópa.

Alákòóso Ètò
Ẹ ṣeun gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ 200 ńkọ́? Wọ́n ti de àwọn bẹ́ǹṣì mọ́lẹ̀.

Tíṣà Físíìsì
Kí àwọn tó wà ní ìlà 1, 3, 5 yíjú padà sí ìlà tó wà lẹ́yìn wọn. Ẹ má ka páálí lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ tó pọ̀ jù hàn sójú. Àgogo sì ni kí ẹ fi dá iyàn dúró. Ohùn olùkọ́ kì í borí igba èèyàn.